Ìkìlọ̀ fún ará Ìlọrin: ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní "bọ́ọ̀dù ti kú" láì ṣí laptop lójú yín

Ẹ̀yin ará wa, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní Tanke àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé laptop wá sí Ìlọrin láti Ọ̀fà àti Òmù-Àrán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ọkùnrin kan wà láàárín ìgboro tó ń tún laptop ṣe, tó sì ń ta tókunbọ̀ àti ẹ̀yà ara wọn lórí tábìlì kan náà. Gbólóhùn kan ló ń fi jẹun: "Bọ́ọ̀dù ẹ̀ ti kú," ìyẹn pátákó ńlá inú laptop tí gbogbo ẹ̀yà yòókù so mọ́. Bó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, á ní kẹ́ ẹ ta òkú ẹ̀ fún òun. Kẹ́ ẹ tó dáhùn, ohun tó níye lórí nínú ẹ̀ ti kúrò níbẹ̀.

Àbúrò mi obìnrin ló gbé tiẹ̀ lọ. HP àtijọ́ ni, RAM (ibi tí laptop ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) jẹ́ 8GB, hard disk (ibi tó ń tọ́jú fáìlì sí) jẹ́ 500GB. Bó bá tẹ̀ ẹ́, iná á tàn, fáànù á máa fẹ́, ṣùgbọ́n ojú ẹ̀ á dúdú. Ọkùnrin náà kò ṣí i níṣojú ẹ̀. Ó ní kó fi sílẹ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó tún ní, "Ṣé o ò gbọ́ pé Microsoft ti pa Windows 10 ni? Ìyẹn ló ń ba bọ́ọ̀dù àwọn laptop àtijọ́ jẹ́." Windows 10 ni ètò tí Microsoft ṣe tó ń darí laptop. Nígbà tó padà débẹ̀, wọ́n ní bọ́ọ̀dù ti jóná, ₦60,000 ni òmíràn, tàbí kó gba ₦15,000 kó fi òkú ẹ̀ sílẹ̀. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun pé kò gbà.

A gbé e lọ bá ẹnjiníà mìíràn, ó sì ṣí i lójú àwa méjèèjì. Eruku ọdún gbọọrọ ti bo gbogbo inú ẹ̀, àfi ojú ihò RAM méjèèjì tó mọ́ fínnífínní. Ọ̀kan ṣófo. 2GB ló wà nínú èkejì, kò sì wọlé dáadáa. Orí àwọn súkúrù tó de hard disk ti họ, òmíràn ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ mọ́, hard disk tá a sì bá níbẹ̀ jẹ́ 160GB, bẹ́ẹ̀ 500GB ló wà lórí rìsíìtì tí àbúrò mi fi ra laptop náà. Ẹnjiníà mú RAM tó dára lára tiẹ̀, ó tì í wọlé, ó tẹ iná, àmì HP yọ lójú ẹ̀. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó ti jóná rèé!

Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ Windows 10 yẹn dẹ́rù bà yín. Òótọ́ ni pé Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025. Àtúnṣe ààbò ni kò wá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kò lè ba bọ́ọ̀dù kankan jẹ́, torí pé laptop a máa gbé àmì ilé iṣẹ́ tó ṣe é jáde kó tó dé ọ̀dọ̀ Windows rárá.

Kẹ́ ẹ tó gbé tiyín jáde nílé, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe é. Bí iná kankan ò bá tàn, ṣájà ni kẹ́ ẹ fura sí. Ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ìdí laptop, kẹ́ ẹ fi wé ti ara ṣájà: ọ̀pọ̀ HP àti Dell ń lo 19.5V, ọ̀pọ̀ Lenovo ń lo 20V. Ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì bó bá ṣeé yọ, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30, kẹ́ ẹ wá fi ṣájà nìkan gbìyànjú ẹ̀.

Bí fáànù bá ń fẹ́ ṣùgbọ́n tí ojú dúdú, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́. Bẹ́ ẹ bá rí àwòrán fẹ́ẹ́rẹ́, iná tó wà lẹ́yìn ojú ẹ̀ ló lọ, bọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́. Bẹ́ ẹ ò bá rí nǹkan kan, RAM ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: ẹ yọ ọ́ nígbà tí kò sí iná lára ẹ̀, ẹ fi ìrésà tó mọ́ rọra nu etí ẹ̀ tó pọ́n bíi wúrà, kẹ́ ẹ tì í padà títí á fi ró. Bó bá sì kọ ọ́ síta pé òun ò rí hard disk tàbí Windows, ẹ má gba ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Òkú bọ́ọ̀dù kì í kọ̀wé.

N ò sọ pé bọ́ọ̀dù kì í kú o. Omi tó dà sí i lè pa á, iná tó ń ṣe ségesège náà lè pa á. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ṣí i, kó ṣàlàyé bó ṣe mọ̀ níṣojú yín. Bẹ́ ẹ ò bá lè dúró tì í, ẹ ya àwòrán nọ́ńbà ara RAM, kẹ́ ẹ sì yọ hard disk lọ sílé. Kò nílò ẹ̀ láti mọ̀ bóyá bọ́ọ̀dù ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ra tókunbọ̀, ẹ ní kí wọ́n tàn án, ẹ wọ inú BIOS, ètò ìpìlẹ̀ laptop tó ń ṣiṣẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ Windows (bọ́tìnnì F10 ni kẹ́ ẹ tẹ̀ fún HP, F2 fún Dell), ẹ wo iye RAM àti hard disk fúnra yín kẹ́ ẹ tó sanwó.

A padà lọ bá ọkùnrin náà. Ó ní bí òun ṣe bá a nìyẹn. A ti ń kọ̀wé sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ oníbàárà. Ṣùgbọ́n owó RAM kọ́ ló ń pa àbúrò mi lẹ́kún. Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ nípa àwọn obìnrin tó ń ṣe òrí ní Kaiama wà nínú hard disk 500GB yẹn, ohùn àwọn ìyá tó fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò náà wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ra hard disk àlòkù nígboro láìpẹ́ yìí, kó wò ó bóyá fólídà tí wọ́n kọ "ORI KAIAMA" sí wà nínú ẹ̀. Kódà bí wọ́n bá ti pa á rẹ́, ó ṣì lè ṣeé gbà padà tí wọn ò bá tíì kọ nǹkan míì lé e lórí, nítorí náà ẹ má kó nǹkan kan sí i. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níbí, a máa rà á padà lọ́wọ́ yín ní iye tẹ́ ẹ rà á.