Àmù, Kúlà Tàbí Fíríìjì: Èwo Ló Yẹ Kí Ẹ Rà?

Bí ẹ bá ń ronú ohun tí ẹ ó rà láti máa fi mú omi àti ohun mímu tutù, mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lọ́jà wa: àmù alámọ̀, kúlà tí a ń kó yìnyín sí, àti fíríìjì. Ìrísí wọn jìnnà síra, owó wọn jìnnà síra jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ ọgbọ́n kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń lò: wọ́n ń jẹ́ kí nǹkan kan pa ipò rẹ̀ dà, kí ó sì fi ìparadà náà gba ooru lọ́wọ́ ohun tí a fẹ́ kó tutù. Lára àmù, omi ló ń gbẹ lọ sínú afẹ́fẹ́; nínú kúlà, yìnyín ló ń yọ́; nínú páìpù fíríìjì, gáàsì tí a ti sọ di olómi ló ń hó. Nítorí náà, kí olùrà kọ́kọ́ wo èyí tí apá rẹ̀ ká lójoojúmọ́ nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ, yìnyín àti iná mànàmáná.

Láti nǹkan bí ọdún 1761 ni Joseph Black, olùkọ́ ní Yunifásítì Glasgow, ti ṣàkíyèsí pé yìnyín tó ń yọ́ ń gba ooru púpọ̀ láìjẹ́ pé ìgbóná rẹ̀ fi digíríì kan lé sí i. Kìlógíráàmù yìnyín kan máa ń gba 334 kJ (kìlójúùlù, òṣùwọ̀n ooru) kí ó tó yọ́ tán, ooru náà sì tó láti gbé kìlógíráàmù omi kan láti 0°C dé 80°C. Ti omi tó ń gbẹ tilẹ̀ tún ju èyí lọ: ní ìgbóná 30°C, kìlógíráàmù omi kan tó gbẹ yóò kó nǹkan bí 2,430 kJ lọ. Ká ní ẹ fẹ́ mú 20 lítà omi láti 30°C wálẹ̀ sí 20°C, 836 kJ ni ẹ ní láti kó kúrò nínú rẹ̀. Yìnyín tí yóò yọ́ kí èyí tó ṣeé ṣe tó kìlógíráàmù méjì àti ààbọ̀. Omi tí yóò gbẹ kò tó ìdajì lítà. Ooru tó ń yọ́ wọlé láti ìta kò sí nínú ìṣirò yìí o.

Lójú ìwé, àmù ló yẹ kó borí, nítorí pé kò ní ná yín ní kọ́bọ̀ mọ́ lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ rà á. Ojú ọjọ́ ni kì í fi í lọ́rùn sílẹ̀. Nígbà ọyẹ́, bí afẹ́fẹ́ bá wà ní 30°C tí ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún, omi inú àmù lè sún mọ́ 16°C, ṣùgbọ́n kò lè lọ sísàlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà òjò, tí afẹ́fẹ́ wà ní 28°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ sì tó ìdá 85, nǹkan bí 26°C ni òpin rẹ̀, ẹni tó bá mu ún kò sì ní mọ̀ pé àmù ṣiṣẹ́ kankan. Ìdí nìyí tí ará Ṣakí fi máa ń jẹ àǹfààní àmù ju ará Èkó lọ. Tí ẹ bá lọ rà á lọ́wọ́ àwọn amọ̀kòkò Ìlọrin tàbí Ìpetumodù, ẹ má gbé èyí tí wọ́n kùn lọ́dà, bó ti wù kó lẹ́wà tó: ihò tíntìntín ara amọ̀ ni omi ń gbà jáde, ọ̀dà a sì dí i pa. Ẹ ní kí wọ́n bu omi sí i, kí ẹ sì dúró díẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ yẹ kó máa rin díẹ̀díẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ ṣú láti ìsàlẹ̀ wá. Èyí tó bá ń kán tótó ti là.

Kúlà kì í fúnra rẹ̀ mú nǹkan tutù. Ooru ìta ló ń dá dúró kí yìnyín má bàa tètè tán. Fóòmù inú ògiri rẹ̀ ni ẹ ń rà, nítorí náà ẹ kan ìdérí rẹ̀ wò, torí pé ìdérí ọ̀pọ̀ kúlà olówó pọ́ọ́kú ṣófo, kò sí fóòmù kankan nínú rẹ̀. Yìnyín gbàǹgbà máa ń pẹ́ ju èyí tí a fọ́ wẹ́wẹ́ lọ, ṣùgbọ́n wẹ́wẹ́ ló máa ń yára mú ọtí tutù. Lójú tèmi, ẹni tó ń ta ohun mímu létí títì, tó sì ń rí yìnyín rà láràárọ̀, kò nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti fíríìjì, gáàsì R600a máa ń hó ní nǹkan bí -12°C, R134a ní nǹkan bí -26°C. Kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ a tún fún un pọ̀ di olómi, ooru tó kó jọ a sì jáde lẹ́yìn fíríìjì, èyí tí kò fi yẹ kí ẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ lé ògiri pátápátá. Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ka ohun tó wà lára kọ̀ǹpírẹ́sọ̀. Bí ẹ bá rí R12, ẹ fi í sílẹ̀. Ara àwọn gáàsì tó ń ba ìpele ósónì ojú ọ̀run jẹ́, tí àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè ní Montreal lọ́dún 1987 dìde sí, nìyẹn. R600a dára, àmọ́ ó lè gbiná, kí atúnṣe má ṣe mú iná sún mọ́ ọn kí gáàsì tó jáde tán.

Níbi tí NẸ́PÀ ti ń mú iná lọ lójijì, ẹ ra fíríìsà tó ń ṣí láti òkè, nítorí afẹ́fẹ́ tútù wúwo, kì í tètè dà síta bíi ti èyí tó ń ṣí láti iwájú. Ẹ fi àwọn ike omi kún àyè tó bá ṣófo nínú rẹ̀: lítà mẹ́wàá tó ti dì yóò gba 3,340 kJ kí ó tó yọ́ tán, ẹran yín yóò sì wà ní tútù títí di ìgbà náà. Bí wọ́n bá fi ọkọ̀ gbé e délé ní ìdùbúlẹ̀, ẹ nà án ró fún wákàtí mélòó kan kí ẹ tó tan iná sí i, kí epo tó ti ṣàn wọ páìpù lè padà sínú kọ̀ǹpírẹ́sọ̀.