Ọ̀gá Tó Tún Gìtá Mi Ṣe, àti Àwọn Tó Ti Ṣiṣẹ́ Lára Ìka Mi Ṣáájú Wọn

Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún iṣẹ́ yìí, mi ò sì ní bu ìkankan kúrò níbẹ̀. Gìtá olókùn irin mẹ́fà mi ni mo gbé fún Ọ̀gá kan tó ń tún gìtá ṣe, kí wọ́n bá mi ṣe ohun tí àwa onígìtá ń pè ní setup: kí wọ́n yẹ ọrùn gìtá wò, kí wọ́n gbé okùn sí ibi gíga tó yẹ, kí ohùn rẹ̀ lè tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Iṣẹ́ náà dára kọjá ohun tí mo fọkàn sí. Àmọ́ bí mo bá ròyìn rẹ̀ bíi pé Ọ̀gá nìkan ló jẹ́ kí gìtá dùn lọ́wọ́ mi lónìí, mo ti fi ẹ̀tọ́ àwọn kan dù wọ́n. Àwọn èèyàn lásán ni wọ́n, àwọn tí ẹ kò ní rí orúkọ wọn lẹ́yìn àwo orin kankan. Mo fẹ́ dárúkọ iṣẹ́ wọn pọ̀ mọ́ ti Ọ̀gá, torí ọ̀kan ló ti òmíràn wá.

Ẹnu màmá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Màmá ò ta gìtá rí láyé wọn. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín yàrá wọn àti ibi tí mo ti máa ń ta gìtá lálẹ́, wọn ò sì fìgbà kan kan ògiri fún mi pé ariwo pọ̀. Lọ́jọ́ kan tí a pàdé lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, “Orin tí o ń ta lálẹ́ yẹn dùn o. Àmọ́ ibì kan wà níbẹ̀ tí mo máa ń dúró dè ọ́.”

Mo ní, “Ẹ ṣé, mà. Ibo nìyẹn, mà?”

Wọn ò mọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn ohùn mélòó kan tí à ń ta pa pọ̀, lórúkọ. Wọ́n pa ẹnu dé, wọ́n ń kùn orin náà lọ, orí wọn ń mì sí i, wọ́n sì dá a dúró lójijì. Wọ́n na ìka sókè. “Ibí yìí. O ti lọ, màá máa dúró, o tún wá dé.” Ibi tí mo ti ń kúrò lórí kọ́ọ̀dù C bọ́ sórí kọ́ọ̀dù F gan-an ni.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ohun tí màmá ṣe yẹn dáadáa. Àwọn onígìtá ẹgbẹ́ mi ti gbọ́ orin yẹn lọ́wọ́ mi, ìka ni wọ́n ń wò, wọ́n ń béèrè irú kọ́ọ̀dù tí mo fi ń bọ́ síbí àti sọ́hùn-ún. Màmá ò rí ìka kankan. Ohùn tó nípọn ló máa ń la ògiri kọjá, ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kì í sábà kọjá, torí náà okùn béèsì nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ wọn ketekete. Bí ẹsẹ̀ orin ṣe ń rìn nìkan ni wọ́n ń gbọ́, wọ́n sì gbọ́ ibi tó ti ń fẹsẹ̀ dúró. Kò sí olùkọ́ tó lè fi ìka tọ́ka sí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí di òní, tí mo bá ń kọ́ orin tuntun, mo máa ń bi ara mi pé báwo lèyí ṣe máa rí létí ẹni tó wà ní yàrá kejì.

Ọ̀rọ̀ màmá ni mo gbé lọ bá Ọ̀gá. Ẹlòmíì ì bá ní kí n padà sílé lọ máa fi ọwọ́ kọ́ra. Ọ̀gá ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n gba gìtá, wọ́n gbé e lé itan, wọ́n tẹ okùn kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ láàárín fret kejì àti ìkẹta, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn gìtá, wọ́n wá rẹ ojú wálẹ̀ wo bí okùn ṣe jìnnà sí fret àkọ́kọ́. Bí gbogbo nǹkan bá wà bó ṣe yẹ, àlàfo ibẹ̀ ò ní ju ìbú bébà kan lọ. Tèmi fẹ̀. Wọ́n fi ìka kan okùn náà, ó ń wọlé, ó ń jáde lórí irin yẹn, kedere. Wọ́n ní, “Ìka tìẹ kọ́ ló ń pẹ́. Nut yìí ló ga.”

Nut ni ègé funfun kékeré tó wà níbi tí ọrùn gìtá ti pàdé orí rẹ̀, tí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ń gba inú ihò tóóró ara rẹ̀ kọjá. Bí ihò wọ̀nyẹn ò bá jìn tó, okùn á ga sókè nítòsí ibẹ̀, kọ́ọ̀dù F tí à ń fi ìka kan tẹ okùn mẹ́fà mọ́lẹ̀ ní fret àkọ́kọ́ ló sì máa jìyà rẹ̀ jù. Kì í ṣe pé ó ń dun ìka nìkan. Bí okùn tó ga bá ń lọ sílẹ̀, ṣe ló ń nà, bó bá sì ti nà, ohùn rẹ̀ á gòkè ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyí tí gìtá kan fi lè tọ́ pátápátá tí ẹ bá ta okùn rẹ̀ lófìfo, E, A, D, G, B, E, kí kọ́ọ̀dù rẹ̀ sì tún máa ta létí. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ohùn wò á sọ pé kò síṣòro, etí yín á sọ pé ó wà.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n jókòó wo iṣẹ́ náà, wọ́n gbà. Fáìlì wọn pọ̀ nínú àpò awọ kan, ìwọ̀n ìbú okùn kọ̀ọ̀kan sì ni wọ́n, fáìlì okùn E tó nípọn ò lè wọ ihò okùn B. Wọ́n dẹ okùn, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n fa fáìlì lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré, tí wọ́n jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rẹlẹ̀ díẹ̀ sí apá orí gìtá, wọ́n fẹ́ ẹ̀tù rẹ̀ dànù, wọ́n dá okùn padà, wọ́n tún fà á, wọ́n tún rẹ ojú wálẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é lọ títí lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kò sí ìkánjú níbẹ̀, torí ohun tí fáìlì bá ti jẹ kì í padà. Bí ihò yẹn bá jìn jù, okùn á máa gbá fret àkọ́kọ́, á máa dún jìì jìì, àfi kí ẹ pààrọ̀ nut yẹn pátá. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n mú pẹ́ńsùlù, wọ́n fi ẹnu rẹ̀ yí inú ihò okùn G. Òun lokùn tó máa ń há jù níbẹ̀, tó máa ń ta “tín!” bí ẹ bá ń tọ́ ohùn rẹ̀. Dúdú pẹ́ńsùlù yẹn ló ń jẹ́ kó máa yọ̀. Mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fúnra mi báyìí nígbàkígbà tí mo bá pààrọ̀ okùn.

Lẹ́yìn nut ni wọ́n kan ọrùn gìtá. Okùn irin mẹ́fà tí a fà tọ́ máa ń fa ọrùn yẹn síwájú pẹ̀lú agbára tó tó bíi 70 kìlógíráàmù bí okùn bá nípọn díẹ̀, ohun tó sì ń dá igi dúró kó má tẹ̀ ni irin tó wà nínú rẹ̀, truss rod. Ọ̀gá ló sọ fún mi pé òṣìṣẹ́ kan ní ilé iṣẹ́ Gibson, Thaddeus McHugh, ni wọ́n fún ní ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ lórí truss rod tó ṣeé yí, ní ọdún 1923. Orúkọ Gibson wà lórí gìtá káàkiri ayé. Orúkọ McHugh ò sí lórí ìkankan, bẹ́ẹ̀ gbogbo ẹni tó bá gbé gìtá olókùn irin dání lónìí ló jẹ ẹ́ ní gbèsè ọpẹ́. Inú mi dùn pé Ọ̀gá mọ orúkọ náà, wọ́n sì dá a bí ẹni ń dárúkọ ọ̀gá tiwọn. Wọ́n yí irin yẹn díẹ̀, kò tó ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo kan, wọ́n gbé gìtá sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí igi lè fara mọ́ ọn, kí wọ́n tó wọn gíga okùn ní fret kejìlá: mìlímítà méjì fún okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù, méjì àbọ̀ fún èyí tó nípọn jù.

Kí wọ́n tó fẹnu kò lórí ìwọ̀n yẹn, wọ́n ní kí n ta gìtá fún àwọn. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ wọn. Wọn kì í gbé gìtá sí ìwọ̀n kan náà fún gbogbo èèyàn. Ẹni tó ń fi agbára gbo okùn ní láti ní okùn tó ga díẹ̀, kó má baà máa gbá fret. Mo ta á fún wọn: àtàǹpàkò lórí okùn béèsì, ìka ìfábẹ̀lá lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́. Ojú wọn tàn. Wọ́n ní, “Ìka méjì! Ta ló kọ́ ọ?”

Bàbá ọlọ́dẹ kan ló kọ́ mi. Wọ́n ní gìtá kan tí kò ju okùn márùn-ún lọ, torí wọn ò wá òmíràn rọ́pò èyí tó já, òun ni wọ́n sì fi ń lé oorun lọ lóru. Mo máa ń lọ jókòó tì wọ́n. Wọn ò dárúkọ kọ́ọ̀dù kankan fún mi rí. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n di ọwọ́ ọ̀tún mi mú, wọ́n ká ìka mẹ́ta yòókù wọnú àtẹ́lẹwọ́, wọ́n wá ní kí n máa fi àtàǹpàkò nìkan ta okùn méjì lọ síwá sẹ́yìn. Mo ta á títí ó fi sú mi. Mo fẹ́ fi ìka kejì sí i, wọ́n gbá a dànù. “Àtàǹpàkò lonílé,” wọ́n ní. “Ìka kejì, àlejò ni. Àlejò lè dé, ó lè lọ, ó sì lè ṣìnà. Onílé ò gbọdọ̀ kúrò nílé.”

Mi ò tíì rí ìwé gìtá tó sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ yéni. Bí orin bá ń lọ, tí ìka ìfábẹ̀lá mi bá sì yà bàrá, àtàǹpàkò ló máa ń gbé mi padà. Àwọn tó ń gbọ́ kì í mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ọ̀nà ìka méjì yìí gan-an ò ti ilé ẹ̀kọ́ kankan wá. Àwọn atukọ̀ Kru láti Liberia, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi, wà lára àwọn tó gbé e káàkiri etíkun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Alágbàṣe ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹ̀yìn iṣẹ́ ni wọ́n ń ta gìtá. Láti ọwọ́ òṣìṣẹ́ bọ́ sí ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló ṣe ń rìn títí tó fi dé ọwọ́ bàbá ọlọ́dẹ, tó sì dé ọwọ́ mi. Bàbá ti fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀ tipẹ́. Bí ìròyìn yìí bá bá wọn níbikíbi: ẹ ṣeun, bàbá. Onílé ṣì wà nílé.

Arábìnrin kan tún wà tó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wa. Orí B♭ ni ohùn rẹ̀ ti máa ń jókòó dáadáa, orí G sì ni ọwọ́ mi ti máa ń fò jù. Ó sọ fún mi láìfi igbá kan bọ̀kan nínú pé, “Okùn tìẹ ṣeé fà, ọ̀fun tèmi ò ṣeé fà.” Bí mo ṣe mọ ìlò kápò nìyẹn, ohun kékeré tí à ń dì mọ́ ọrùn gìtá kó lè tẹ gbogbo okùn mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan: mo dì í mọ́ fret kẹta, kọ́ọ̀dù G mi di B♭, ara tu àwa méjèèjì. Òun ló kọ́ mi pé ohùn ẹni tó ń kọrin ni gìtá ń sìn. Ohun tó ṣe mí ní kàyéfì nígbà náà ni pé gìtá mi máa ń rọ̀ mí lọ́wọ́ gan-an bí kápò bá ti wà lára rẹ̀. Ìgbà tí Ọ̀gá ṣàlàyé nut ló tó yé mi. Bí kápò bá ti dì mọ́ ọrùn gìtá, òun ló ń ṣe iṣẹ́ nut, èyí tó ga lókè ò ní ipa kankan mọ́.

Ọmọbìnrin tí mo máa ń ra okùn lọ́wọ́ rẹ̀ náà yẹ lẹ́ni à ń kí. Òun ló ní kí n yéé ra okùn ẹyọ kan bí ọ̀kan bá já, kí n máa pààrọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, torí tuntun kan á máa ké láàárín ògbólógbòó márùn-ún. Òun náà ló mú mi kúrò lórí okùn 12 bọ́ sórí 11 (nọ́ńbà tó ń sọ bí okùn ṣe nípọn tó ni), tó tinrin díẹ̀, tó sì fúyẹ́ lábẹ́ ìka.

Kí n má gbàgbé ibi tí iṣẹ́ Ọ̀gá kù sí. Wọn kì í sọ ọjọ́ tí wọ́n máa parí. Bí ẹ bá pè wọ́n lórí fóònù, “Ó ń bọ̀” lẹ máa gbọ́, kò sì sí àlàyé lẹ́yìn rẹ̀. Wọn kì í nu ara gìtá kó dán, ìhára tó wà lára tèmi wà níbẹ̀ bí mo ṣe gbé e lọ. Ẹni tó ní òde láti lọ lọ́la kó má gbé gìtá lọ lónìí. Èmi fara mọ́ gbogbo ìyẹn, nítorí mo rí ibi tí àkókò wọn ń lọ: sára fáìlì àti sára etí.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé tiyín fún irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, ẹ fi okùn tí ẹ máa ń lò gan-an sí i kí ẹ tó lọ, torí ìwọ̀n tí wọ́n bá ṣe fún okùn 11 ò ní bá 12 mu. Ẹ má dẹ okùn sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ ta á níwájú wọn bí ẹ ṣe máa ń ta á nílé, kí ẹ sì sọ ohun tí àwọn tó ń gbọ́ yín ti sọ, ì báà ṣe ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa gìtá. Tí ẹ bá gbé e padà délé, ẹ má fi í síbi tó gbẹ jù tàbí tó ní ọ̀rinrin jù, ìwọ̀n ọ̀rinrin bíi 45 sí 55 nínú ọgọ́rùn-ún ló bá igi rẹ̀ lára mu. Èmi ṣì ní gìtá kan nílẹ̀ tí okùn rẹ̀ jẹ́ nylon. Ọ̀gá ti fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní ìtẹ́ okùn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ló ga, kí n máa gbé e bọ̀.