Kíìtì ELISA fún wíwọn áńtíbọ́dì àjẹsára áńtíráàsì nínú ẹ̀jẹ̀ eku: ohun tí mo rí lẹ́yìn páálí mẹ́fà

Yàrá ìwádìí wa ń dán àjẹsára áńtíráàsì, àrùn kòkòrò tó ń pa ẹran àti èèyàn, wò lára eku àti ehoro. Èmi ni mo ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn, èmi náà ni mo sì ń wọn áńtíbọ́dì, ìyẹn èròjà tí ara ń ṣe láti fi bá àrùn jà, tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Ọdún kọkànlá rèé. Páálí mẹ́fà kíìtì ELISA yìí, ìyẹn ohun èlò tó ń fi àwọ̀ sọ iye áńtíbọ́dì, la ti lò tán láàárín oṣù mẹ́jọ. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ó ní àléébù kan tí mo máa sọ tó bá yá, mo sì ti kọ̀wé sí wọn lórí rẹ̀. Ẹni tó bá wà lẹ́nu irú iṣẹ́ yìí á mọ irú kíìtì tí mò ń wí. Wọ́n ti fi PA lẹ ìsàlẹ̀ ihò 96 tó wà nínú àwo rẹ̀ sílẹ̀ kó tó kúrò lọ́dọ̀ wọn. PA ni èròjà tí kòkòrò áńtíráàsì fi ń ṣílẹ̀kùn fún májèlé rẹ̀ láti wọ inú sẹ́ẹ̀lì, òun náà sì ni àjẹsára òde òní ń kọ́ ara láti dá mọ̀.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni mo máa kọ́kọ́ sọ. Eku tó wọn gíráàmù 25, gbogbo ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ ò pé mílílítà méjì. Ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀ la lè fà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ká sì fi í lọ́rùn sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí à ń fọwọ́ ara wa ṣe gbogbo ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, àwo wa kì í jọra, a ní láti tún iṣẹ́ kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀jẹ̀ kì í tó. Ohun tí à ń ṣe nígbà náà ni pé a máa pa àwọn eku kan ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, àwọn mìíràn ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ká tó lè mọ bí áńtíbọ́dì ṣe ń gòkè. Ó máa ń dùn mí. Pẹ̀lú kíìtì yìí, máíkírólítà márùn-ún omi ẹ̀jẹ̀ (omi tó máa ń ṣẹ́ kù tí ẹ̀jẹ̀ bá dì) tó mi. Màá fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tọ́ iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kán, màá fi òwú tẹ̀ ẹ́, eku á padà sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Eku kan náà ni mò ń tẹ̀ lé láti ọjọ́ abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ títí di ọ̀sẹ̀ kẹwàá. Nínú ìwádìí wa tó kẹ́yìn, eku 40 ló ṣe iṣẹ́ tí a ti kọ́kọ́ bu 120 fún. Ká ní kíìtì yìí ò ní àǹfààní mìíràn rárá, màá ṣì rà á.

Lílò rẹ̀ ò le. Wákàtí kan fún omi ẹ̀jẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fún áńtíbọ́dì kejì tó ń lẹ̀ mọ́ áńtíbọ́dì eku, tó sì gbé ẹ́ńsáìmù dání, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún fún TMB, èròjà tí ẹ́ńsáìmù náà ń pa láwọ̀ dà, ẹ sì máa fọ àwo náà láàárín wọn. Ihò tó ní áńtíbọ́dì á di búlúù, ásíìdì á sọ ọ́ di ìyeyè, ẹ̀rọ á kà á lójú ìmọ́lẹ̀ nánómítà 450. Àbúrò kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa dá a ṣe ní ọjọ́ kẹta, ihò méjì tó da ẹ̀jẹ̀ kan náà sí sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ìyàtọ̀ kankan. Omi ìfọ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ ṣọ́: tó bá ti sun inú fìríìjì, iyọ̀ rẹ̀ máa ń dì sí ìsàlẹ̀ ìgò. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí iyọ̀ náà yọ́ tán, kẹ́ ẹ tó fi omi là á.

Ìwé inú páálí ní ká fi omi la ẹ̀jẹ̀ lọ́nà 200. Fún eku tó gba abẹ́rẹ́ kan péré, ó bá a mu. Àmọ́ lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì, áńtíbọ́dì máa ń pọ̀ débi pé àwọ̀ gbogbo ihò á kún dé góńgó, eku tó ṣe dáadáa àti èyí tó ta á yọ á wá jọra lójú ẹ̀rọ. Láti 2,000 ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, tí màá sì máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì títí dé 64,000. Ó yẹ kí wọ́n kọ ìyẹn sínú ìwé náà.

Àléébù tí mo ní mo máa sọ rèé. Wọ́n ń ta ìgò mẹ́ta tẹ̀ lé kíìtì náà fún ẹni tó bá fẹ́ mọ irú áńtíbọ́dì tó jáde: ti IgG lápapọ̀ (ẹ̀yà áńtíbọ́dì tó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀), ti IgG1, àti ti IgG2a, tí àwọn méjèèjì jẹ́ oríṣi IgG. A nílò rẹ̀ gidigidi. Ọ̀wọ́ eku kan gba PA pẹ̀lú álọ́ọ̀mù, ọ̀wọ́ kejì gba PA pẹ̀lú álọ́ọ̀mù àti CpG. Èròjà tí à ń fi kún àjẹsára kó lè ta ara jí ni méjèèjì. Álọ́ọ̀mù máa ń ti ara eku sí ọ̀nà IgG1, CpG sì máa ń fa IgG2 yọ. Nígbà tí mo ka àwo, IgG2a ọ̀wọ́ kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Ọ̀gá wa ti ń sọ pé bóyá CpG tí a rà ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi wá ibi tí ìṣòro wà, ká tó rántí pé eku dúdú ìran C57BL/6 la lò, àwọn yẹn kò sì ní àbùdá tí a fi ń ṣe IgG2a rárá. IgG2c ni tiwọn. Mo ra ìgò IgG2c níbòmíràn, mo tún àwo ṣe pẹ̀lú omi ẹ̀jẹ̀ kan náà tó wà nínú fírísà, àwọ̀ sì yọ kedere. Ọpẹ́ ni pé ẹ̀jẹ̀ ṣẹ́ kù. Ká ní kò sí, eku mìíràn la ò bá lò nítorí gbólóhùn kan tí wọn ò kọ sára ìgò. Ẹni tó ń lo eku funfun BALB/c ò ní kó sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni kì í lo eku dúdú?

Ọ̀rọ̀ kejì kì í ṣe ẹ̀bi kíìtì, àmọ́ mo ti rí i tí àwọn èèyàn ń ṣì í lò. Kíìtì yìí ń sọ iye áńtíbọ́dì tó lẹ̀ mọ́ PA ni. Kò sọ èyí tó lè dá májèlé dúró nínú wọn. Gbogbo aláńgbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Tí mo bá fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́, sẹ́ẹ̀lì J774, sẹ́ẹ̀lì eku tí à ń tọ́jú nínú yàrá ìwádìí, ni mò ń lọ bá: màá po omi ẹ̀jẹ̀ mọ́ májèlé, màá dà á sórí sẹ́ẹ̀lì, màá wo iye sẹ́ẹ̀lì tó yè. Ó ń gba àkókò, sẹ́ẹ̀lì sì ní wàhálà tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí kíìtì yìí kò lè ní láéláé. Kò béèrè bóyá ẹ̀jẹ̀ eku ni tàbí ti ehoro, ti ọ̀bọ tàbí ti èèyàn. Òdiwọ̀n kan náà ló ń gbà fún gbogbo wọn. Áńtíbọ́dì kejì inú kíìtì yìí, eku nìkan ló mọ̀. Ti ehoro, páálí mìíràn lẹ máa rà, nọ́ńbà wọn ò sì ṣeé gbé síra wọn.

Èyí ṣe pàtàkì torí pé a ò lè kó áńtíráàsì ran èèyàn láti fi dán àjẹsára wò. Ní 1881, ní Pouilly-le-Fort ní ilẹ̀ Faransé, Louis Pasteur gún àgùntàn 24 lábẹ́rẹ́, ó fi 24 sílẹ̀, ó sì fún gbogbo wọn ní kòkòrò náà. Ìwàláàyè àti ikú ló fi ka èsì. Lónìí, àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ní òfin kan láti 2002 tó gbà kí èsì ara ẹranko dúró fún ti èèyàn níbi tí kò ti bójú mu láti dán an wò lára èèyàn, abẹ́lẹ̀ òfin yẹn sì ni wọ́n ti fọwọ́ sí àjẹsára áńtíráàsì BioThrax ní 2015 fún ẹni tó ti fara kan kòkòrò náà. Ehoro àti ọ̀bọ ni wọ́n gbára lé níbẹ̀. Eku kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dáa tó fún irú ẹjọ́ yẹn, nítorí kòkòrò tó ní èpo lára lè pa á láìjẹ́ pé májèlé dá sí i. Nítorí náà, ẹ fi kíìtì yìí ṣa èyí tó dáa nínú oríṣi àjẹsára tẹ́ ẹ ní, ẹ má fi ṣèlérí pé ehoro ò ní kú.

Wọ́n dáhùn lẹ́tà mi ní ọjọ́ kẹrin. Wọ́n ní àwọn máa fi ọ̀rọ̀ IgG2c sínú ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ lẹ́yìn èyí. Páálí méjì mìíràn dé lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú yìnyín, gbogbo ìgò rẹ̀ pé. Ìwé náà ni mo kọ́kọ́ yọ. Kò tíì sí níbẹ̀. Mo fi bírò kọ ọ́ sára páálí méjèèjì, kí ẹni tó bá ṣí i lẹ́yìn mi lè rí i.