Yàrá tútù yẹn dáa, mọ́tò wọn ló bọ ata fún mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí nípa yàrá tútù onísólà tí mò ń kó ọjà sí n'Íbàdàn ńbí, mo ti lò ó tó oṣù mẹ́ta, mo lè sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ó dáa. Ṣẹ́ ẹ mọ bí tòmátì ṣe máa ń rí tó bá ti inú apẹ̀rẹ̀ rìn láti Kánò dé ọ̀dọ̀ wa, tìsàlẹ̀ á ti fọ́, omi á máa ṣàn, tó bá fi máa dọjọ́ kejì owó pọ́ọ́kú la ó máa tà á. Àwọn wọ̀nyí ò gba apẹ̀rẹ̀ rárá, kéréètì oníke ni wọ́n ní kó o dà á sí, inú kọ́kọ́ bí mi o, ìgbà tí mo rí i pé àwọn ihò ara ẹ̀ ni atẹ́gùn tútù ń gbà wọlé ni mo panu mọ́. Iye kéréètì àti iye ọjọ́ ni wọ́n fi ń gbowó. Èyí tí mo gbé lọ ní Mọ́ńdè, Sátidé ni mo gbé e jáde, mo tẹ̀ ẹ́ wò, ó ṣì le koko.

Ibi tó kù sí ni pé yàrá kan ṣoṣo ni, gbogbo nǹkan ni wọ́n kó pọ̀. Ẹ̀fọ́ fẹ́ òtútù gan-an, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ò fẹ́ ẹ, tó bá ti wá sísàlẹ̀ 13°C èèpo ẹ̀ á dúdú. Àgbagbà tèmi jáde bí ẹni fi èédú pa lára. Máńgòrò tó pọ́n náà, afẹ́fẹ́ ara ẹ̀ máa ń sọ ẹ̀fọ́ di yẹ́lò, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé e ti tiyín.

Mọ́tò onífíríìjì tí wọ́n fi ń báni gbọ́jà lọ Èkó ló dùn mí. Dẹ́rẹ́bà pa ẹ̀rọ òtútù nítorí dísù, gosiló wá mú mọ́tò náà ní Long Bridge, lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó, àpótí tí wọ́n tì pa láìsí òtútù, ìkòkò ló dà yẹn, ọkọ̀ gbalasa tá à ń lò tẹ́lẹ̀ sàn jù ú lọ. Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn lọ́jà Mile 12, ooru gbá mi lójú, ata rodo ti ń làágùn. Dẹ́rẹ́bà ní, "Ìyá aláta, ẹ má bínú, mo kúkú tàn án láàárọ̀." Láàárọ̀! Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pè wọ́n kí wọ́n tó dá ìdajì owó padà.

Yàrá wọn, lọ́la gan-an mò ń gbé kéréètì mẹ́fà lọ. Mọ́tò ńkọ́? Tí mo bá tún máa kó ọjà sí i, iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dẹ́rẹ́bà ni mo máa jókòó sí, màá máa gbọ́ ìró ẹ̀rọ yẹn títí dé Mile 12.