Oximeter orí ìka: ó yẹ kó wà nílé, àmọ́ mọ ibi tó ti ń purọ́

Nínú gbogbo ohun tí àwọn èèyàn sáré rà nígbà Kòrónà, oximeter kékeré tí wọ́n ń fi há ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ ni mo rò pé ó ṣì yẹ kó wà nínú àpótí oògùn ilé di òní. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń nà sí iwájú orí ńkọ́? Ìbà nìkan ló ń wá, ẹni tó ní àrùn náà sì lè má ní ìbà rárá.

Ohun tó sọ oximeter di pàtàkì ni pé Kòrónà lè jẹ ọ́síjìn ara lọ sílẹ̀ kí aláìsàn tó mọ̀ pé èémí òun ti ń kúrú. Nígbà àjàkálẹ̀ influenza 1918, àfi kí àwọn dókítà máa wo ojú aláìsàn bóyá ó ti di àwọ̀ aró, bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá fi hàn lójú, ó ti bọ́ sórí. Lára aláwọ̀ dúdú, kò tilẹ̀ tètè hàn. Ètè àti ahọ́n la máa ń yẹ̀ wò. Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, ló gbé ọgbọ́n oximeter kalẹ̀ ní 1974. Iná méjì ló ń gba inú ìka kọjá, pupa kan àti èkejì tí ojú kò rí. Ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn àti èyí tí kò gbé e kì í fa iná méjèèjì mu bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ fi ń ṣírò SpO2, ìyẹn ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀ náà ló gbé ọ́síjìn.

Kí o tó lò ó, jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Nu kútẹ́ẹ̀sì, yọ èékánná àlẹ̀mọ́. Làálì kò ṣeé nù, nítorí náà wá ìka tí wọn ò lé e sí. Bí ọwọ́ bá tutù, fi ọwọ́ kejì ra á títí yóò fi móoru. Ti ìka àárín tàbí ìfábẹ̀là bọ inú rẹ̀ dé ìdí, gbé ọwọ́ lé àyà, má mì ín. Nọ́ńbà tó kọ́kọ́ fò jáde kì í ṣe èsì. Dúró tó ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Bí nọ́ńbà kò bá yí padà mọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá márùn-ún, kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú aago tó lù. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ tó. Nọ́ńbà kejì ni iye ìgbà tí ọkàn ń lù. Tẹ iṣan ọrùn ọwọ́ kí o fúnra rẹ kà á: bí ẹ̀rọ bá ní 70 tí ìwọ ka 100, da SpO2 tó gbé wá nù.

Ìlànà NHS, àjọ ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà Kòrónà ni pé 95 sókè dára, 93 tàbí 94 ń fẹ́ dókítà, 92 wálẹ̀ sì di ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà. Ìwádìí kan láti Michigan ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní oṣù kejìlá 2020, fi iye tí ẹ̀rọ kà wé ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà látinú iṣan. Níbi tí ẹ̀rọ ti kà 92 sí 96, ọ́síjìn àwọn aláwọ̀ dúdú wà lábẹ́ 88 nínú ìgbà 12 nínú 100. Ti àwọn aláwọ̀ funfun kò ju bíi 4 lọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí a má gbára lé nọ́ńbà ẹyọ kan. Wọn ara rẹ nígbà tí ara le, kí o mọ tìrẹ. Bí 98 bá ń di 96, tó ń di 94, gbéra. Ẹni tó bá sì ń mí gúlegúle, ọsibítù ni, kódà kí ẹ̀rọ kọ 97.

Nínú ohun tó ń tan ẹ̀rọ náà jẹ, èéfín jẹnẹrétọ̀ ló burú jù. Carbon monoxide inú rẹ̀ ń gba ipò ọ́síjìn lára ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ kò sì lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ẹni tó ń kú lọ lè máa ka 99. Bí orí bá ń fọ́ gbogbo ará ilé nígbà tí jẹnẹ́ ń ṣiṣẹ́ lẹ́bàá fèrèsé, ẹ jáde síta, ẹ gba ọsibítù lọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà ń tanni: 98 ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó wà nílẹ̀ kún fún ọ́síjìn, kò sọ pé ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀ tó. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, kó bi ilé ìwòsàn rẹ̀ nọ́ńbà tó jẹ́ tirẹ̀.

Bí o bá fẹ́ rà á, lọ sí ilé oògùn tó ṣeé dá padà sí. Fi bírò há a níbẹ̀; bí ó bá kọ 98 fún bírò, dá a padà. Yan èyí tó ń fi ìgbì ìlùkìkì ọkàn hàn, torí ìgbì tó ń ṣe ségesège ló máa kọ́kọ́ sọ fún ọ pé nọ́ńbà kò dúró ire. App fóònù tó ní kámẹ́rà òun lè wọn ọ́síjìn, má náwó lé e. Nígbà tí kò bá sí aláìsàn nílé, yọ bátìrì AAA méjèèjì síta, torí bátìrì tó bá ṣomi nínú rẹ̀ ti bà á jẹ́ nìyẹn.