Ṣéènì Oregon lójú ìrókò wa, àti ìtàn ìpínlẹ̀ tó bí i

Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ agégi jẹun, mo gbà á níyànjú kó ra ṣéènì Oregon, ìyẹn ẹ̀wọ̀n eléyín tó ń yí lára ẹ̀rọ náà tó fi ń gé igi. Owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ti àwọn tí kò lórúkọ tí wọ́n fi kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n nínú gbogbo igbó tí mo ti ṣiṣẹ́, láti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà dé ẹ̀yìn Ìpèrìndó, òun ló ń tẹ́ mi lọ́rùn jù. Gbogbo sọ́míìlì Iléṣà ló mọ orúkọ yìí. Ọ̀pọ̀ wa ni kò mọ̀ pé orúkọ ìpínlẹ̀ kan ni ní Amẹ́ríkà, létí òkun Pacific, níbi tí igbó ti gba ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ilẹ̀. Inú igbó yẹn ni ọgbọ́n tó wà lára ṣéènì yìí ti wá.

Agégi ni Joseph Cox tó ṣe é. Ṣéènì ayé ìgbà yẹn, ńṣe ló ń ha igi, kì í pẹ́ kú, pípọ́n ọn sì máa ń jẹ àkókò. Ní 1946, Cox tẹjú mọ́ ìdin kòkòrò kan tó ń jẹ kùkùté. Ó rí i pé ẹnu ìdin náà ń gé sọ́tùn-ún, ó ń gé sósì, ó sì ń lọ geere, ì báà jẹ́ òró igi, ì báà jẹ́ ìbú. Ó ṣe irin tó fara jọ ẹnu yẹn, ó tò ó sára ṣéènì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tà á ní 1947 láti yàrá abẹ́ ilé rẹ̀ ní Portland, ìlú kan ní Oregon. Ẹ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín sún mọ́ ojú. Eyín kan kọjú sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀ lé e kọjú sósì, irin kékeré kan sì wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń pinnu bí eyín yóò ṣe wọlé jìn tó. Tó bá mú dáadáa, èèrún fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń tú jáde. Tí ẹ bá rí i tó ń da ìyẹ̀fun, ó ti kú nìyẹn, ẹ dúró kí ẹ pọ́n ọn.

Ìtàn ìpínlẹ̀ náà kò dùn gbọ́ délẹ̀. Àwọn Chinook, Kalapuya, Klamath àti ẹ̀yà míì ló ni ilẹ̀ náà. Ní 1843, bí ẹgbẹ̀rún kan aláwọ̀ funfun kó ẹrù sínú kẹ̀kẹ́ tí màlúù ń fà, wọ́n kúrò ní Missouri, wọ́n sì rin ohun tó lé ní 3,200 kìlómítà lọ síbẹ̀. Òfin 1850 wá fún ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí kò níyàwó ní 320 éékà, tọkọtìyàwó ní 640, nígbà tí wọn kò tíì bá àwọn onílẹ̀ parí ọ̀rọ̀.

Ní ti àwa aláwọ̀ dúdú, òfin tí wọ́n ṣe ní 1844 ní kí wọ́n na ẹni tó bá kọ̀ láti kúrò nílùú ní pàṣán. Wọ́n pa òfin yẹn rẹ́ láìpẹ́, ṣùgbọ́n ní 1857 àwọn olùdìbò fọwọ́ sí i pé kí aláwọ̀ dúdú kankan má tún wọlé wá gbé. Èyí ló wà nínú ìwé òfin wọn nígbà tí Oregon di ìpínlẹ̀ ní February 14, 1859, wọn kò sì yọ ọ́ títí di 1926. George Washington Bush, aláwọ̀ dúdú tó bá wọn rin ìrìn àjò náà ní 1844, ní láti ré kọjá odò Columbia lọ sí àríwá kó tó rí ibi tẹ̀dó. Ìdùnnú mi ni Robin Holmes. Ẹrú ni tẹ́lẹ̀. Olówó rẹ̀, Nathaniel Ford, kọ̀ láti yọ̀ǹda àwọn ọmọ Holmes. Holmes pe Ford lẹ́jọ́, ó sì gba àwọn ọmọ rẹ̀ padà ní 1853. Mo máa ń rántí bàbá yìí tí mo bá rí orúkọ Oregon lára irin tó wà lọ́wọ́ mi.

Ohun tí mo yìn wọ́n fún ni bí wọ́n ṣe tún igbó gbìn. Ní oṣù kẹjọ 1933, iná sọ níbi tí wọ́n ti ń wọ́ ìtì igi ní agbègbè Tillamook, ó sì jó nǹkan bíi 240,000 éékà. Iná tún padà jó ibẹ̀ ní 1939, ní 1945 àti ní 1951. Láti 1949 títí di 1973, wọ́n gbin igi bíi mílíọ̀nù 72 síbẹ̀, àwọn ọmọ ilé-ìwé náà sì kó igi lọ gbìn. Ní 1971, wọ́n ṣe òfin pé ẹni tó bá gé igbó gbọ́dọ̀ tún un gbìn. Níbí, a ti ń gé igbó ọba látìgbà àwọn bàbá wa. Mélòó nínú wa ló ti gbin ìrókò kan ṣoṣo? Ó yẹ kí ẹgbẹ́ onígẹdú jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ó dáa, lójú igi tiwa ńkọ́? Igi Douglas fir tó pọ̀ jù nínú igbó wọn rọ̀ ju ìrókò àti apá lọ. Òkúta sì máa ń wà nínú ìrókò míì; tí ṣéènì bá gbá a, eyín yóò kú lójú ẹsẹ̀, kò sí èyí tí kì í ṣe. Ti Oregon, fáìlì díẹ̀ ni, ó tún mú padà, eyín kì í sì í ṣẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Ayédèrú ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ọ̀kan tí mo rà rí kò rí ọ̀sán kó tó nà gbọọrọ. Láti ìgbà náà, tí mo bá dé ṣọ́ọ̀bù, màá ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo nọ́ńbà rẹ̀.” Wọ́n á ní, “Ọmọ mi, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.” Màá ní, “Ẹ má bínú, sà, ẹ jẹ́ kí n wò ó.” Nọ́ńbà máa ń wà lára irin ṣéènì tó ń wọ ojú ihò báà, irin gígùn tí ṣéènì ń yí ká, ó sì gbọ́dọ̀ hàn ketekete: 72, 73 tàbí 75 fún àwọn ẹ̀rọ ńlá wa. Fáìlì 5.5 mm ni kí ẹ fi pọ́n àwọn yẹn. Tó bá jẹ́ igi rírọ̀ bí arẹ̀rẹ̀ nìkan lẹ ń gé, olówó pọ́ọ́kú tó yín. Ẹ fi Oregon pamọ́ de ìrókò àti apá, kí ẹ sì gbọn erùpẹ̀ kúrò lára ìtì tí wọ́n ti wọ́ nílẹ̀ kí ẹ tó gbé ṣéènì lé e.