Àdàpọ̀ Menthol àti Decanoic Acid fún Àyẹ̀wò Omi: Ó Yẹ Kí Ó Gba Ipò Dichloromethane, Ṣùgbọ́n Kì Í Ṣe Níbi Gbogbo

Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí àyẹ̀wò omi yóò mọ dichloromethane, kẹ́míkà olómi tí a fi ń yọ èérí kúrò nínú omi kí a lè wọ̀n ọ́n, bí ẹni mowó. Ìlànà 3510C ti EPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà, ní kí a da mílílítà 60 kẹ́míkà yìí lu lítà omi kan nínú àrọ onígíláàsì, kí a gbọ̀n ọ́n, kí a jẹ́ kí ó silẹ̀, kí a fa èyí tó wà nísàlẹ̀, kí a sì ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Mílílítà 180 nìyẹn fún lítà omi kan ṣoṣo, kẹ́míkà tó sì ń hó ní 40 °C ni, tí òórùn rẹ̀ ń gba inú yàrá kan bí a kò bá ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ jáde. IARC, ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ, ti kà á mọ́ ìpele 2A, ìyẹn àwọn ohun tó jọ pé wọ́n ń fa àrùn náà. Ní 2024, EPA fòfin de èyí tó pọ̀ jù nínú ìlò rẹ̀, ó sì gbé òfin ààbò tó le ka iwájú àwọn yàrá àyẹ̀wò tó ṣì gbà láàyè láti máa lò ó.

Ìdí nìyí tí mo fi ń lo àdàpọ̀ menthol àti decanoic acid láti yọ àṣẹ́kù oògùn apakòkòrò àti ti oògùn ìwòsàn kúrò nínú omi. Ìdájọ́ mi ni pé ó yẹ kí ó gba ipò dichloromethane níbikíbi tó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ HPLC, èyí tó ń fi olómi ya àwọn kẹ́míkà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ni a ó fi wo èsì.

Ṣíṣe rẹ̀ kò ní wàhálà. Menthol, ohun tó ń mú kí ewé mint máa tutù lẹ́nu, kì í yọ́ títí ooru yóò fi dé nǹkan bí 42 °C. Decanoic acid, tó wà nínú òróró àgbọn, ń yọ́ ní nǹkan bí 31 °C. Bí a bá wọn gíráàmù 15.6 menthol mọ́ gíráàmù 17.2 decanoic acid, tí a mú wọn gbóná díẹ̀ tí a sì ń rò wọ́n, wọn yóò di olómi kan tó mọ́ gaara, tí kì í dì padà nígbà tó bá tutù dé ìwọ̀n ooru inú yàrá, nítorí pé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò jẹ́ kí èkejì rí àyè tò lẹ́sẹẹsẹ bó ṣe ń tò nígbà tó dá wà. Kò sí ohun tí a ń sẹ́, kò sì sí èyí tí a ń dà nù. Ní 2003 ni Andrew Abbott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Leicester sọ irú àdàpọ̀ báyìí di mímọ̀ pẹ̀lú choline chloride àti urea, ṣùgbọ́n ńṣe ni ìyẹn ń yòrò mọ́ omi, kò sì lè yọ nǹkan kúrò nínú rẹ̀. Ọdún 2015 ni àwọn tí kì í pò mọ́ omi tó jáde.

Nínú ìlò ni iyì rẹ̀ wà. Mílílítà 10 omi ti tó, máíkírólítà 100 àdàpọ̀ náà sì ti tó fún un. Bí a bá gbọ̀n wọ́n kíkankíkan, àdàpọ̀ náà yóò fọ́n ká sínú omi ní ẹ̀kán kéékèèké tí kò lóǹkà, omi yóò funfun bí ìkùukùu, èérí tí a ń wá yóò sì tètè kúrò nínú omi bọ́ sínú ẹ̀kán wọ̀nyí. Lẹ́yìn tí a bá ti fi ẹ̀rọ centrifuge yí i, àdàpọ̀ náà yóò léfòó, nítorí pé ó fúyẹ́ ju omi lọ, a ó sì fi síríńjì fà á. Bí gbogbo èérí náà bá bọ́ sínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ti ga ní ìlọ́po 100. Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù kò gbà kí oògùn apakòkòrò kan ju 0.1 máíkírógíráàmù lọ nínú lítà omi mímu kan; ìwọ̀n bíńtín yìí lè tipa bẹ́ẹ̀ di 10 máíkírógíráàmù nínú lítà kan, èyí tí ẹ̀rọ yóò túbọ̀ rọrùn fún láti rí. Òtítọ́ ni pé ẹni tó bá fi dichloromethane yọ lítà omi kan, tó sì gbẹ ẹ́ kù sí mílílítà kan, lè dé ìlọ́po 1,000. Àǹfààní ńlá nìyẹn fún ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ kò ríran jìnnà.

Àléébù tó lè ba iṣẹ́ jẹ́ jù lọ ni ti pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí omi ṣe kan tó (bó bá ṣe kéré tó ni omi ṣe kan tó). Bí omi bá fi díẹ̀ kọjá ìwọ̀n tí decanoic acid lè fara dà, bí irú omi odò tí pH rẹ̀ jẹ́ 7 tàbí 8, ásíìdì náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í di ọṣẹ, yóò yòrò sínú omi, yóò sì hó tó bẹ́ẹ̀ tí centrifuge pàápàá kò ní lè yà wọ́n dáadáa. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mú pH omi náà wá sí nǹkan bí 3. Èyí tún ń ṣe iṣẹ́ yíyọ diclofenac, oògùn ìrora, láǹfààní, nítorí pé nínú omi kíkan ló ti ń fẹ́ràn àdàpọ̀ náà. Ẹ má sì retí metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, tàbí glyphosate, oògùn apakoríko. Omi ni àwọn ìyẹn fẹ́ràn, wọn kò ní kúrò nínú rẹ̀.

N kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn láti fi àdàpọ̀ náà sínú ẹ̀rọ GC, èyí tó ń fi ooru sọ ohun tí a fẹ́ wò di gáàsì kí ó tó yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Dichloromethane a máa tètè kọjá lọ kí èérí tó dé, ṣùgbọ́n menthol ń hó ní nǹkan bí 212 °C, decanoic acid sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn yóò bo àwọn ohun tí a ń wá mọ́lẹ̀ nínú èsì. Ó tún ki, ó ń lọ́ra láti wọ síríńjì, afẹ́fẹ́ sì lè bá a wọlé kí ìwọ̀n rẹ̀ má pé, nítorí náà a gbọ́dọ̀ là á kí a tó fi í sínú HPLC. Ethanol ni kí ẹ fi là á, kì í ṣe acetonitrile, nítorí pé ẹni tó sá fún kẹ́míkà kan tó tún wá da òmíràn lé e kò tíì dín májèlé yàrá rẹ̀ kù tó bó ṣe yẹ. Ásíìdì náà lè ta ojú àti awọ ara, ó sì ń ṣe àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi níjàm̀bá, nítorí náà inú ìgò egbin kẹ́míkà ni kí ìyókù rẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ gba ihò omi ìdọ̀tí kọjá.